Iye èèyàn abúlé Íńdíà àti irú ẹni tí wọ́n jẹ́: ibi méje tí ẹ ti lè rí i, èwo ló bá yín mu?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mi jù látìgbà tí mo ti kàwé ní Íńdíà rèé. Ẹnì kan á fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì lórí abúlé kan, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní òun fẹ́ mọ iye èèyàn ibẹ̀, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, játì wo ló pọ̀ jù, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe. Ibo ni kí n ti rí i?" Tí mo bá wá sọ fún un pé ibi méje ló wà, pé méjèèje ò sì ní fún un ní nọ́ńbà kan náà, á ní "Ẹ̀gbọ́n, abúlé kan ṣoṣo ni o!" Abúlé kan ṣoṣo ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń kànìyàn ní ìdí tó fi ń kà wọ́n, ẹni tí wọ́n ń kà náà sì ti ń rò ó lọ́kàn bóyá nǹkan máa tibẹ̀ wọlé àbí nǹkan máa tibẹ̀ jáde. Àwa tí a máa ń wọ mọ́tò lọ sílé kí wọ́n lè kà wá mọ́ ìlú bàbá wa, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Ọ̀rọ̀ játì ná, torí òun ni gbogbo ẹ̀ máa dá lé. Caste ni òyìnbó ń pè é, játì lẹ máa gbọ́ lábúlé, ní Uttar Pradesh, ìpínlẹ̀ kan ní ìhà àríwá, wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ birádárì torí ó rọlẹ̀ lẹ́nu díẹ̀. Ẹ má fi wé oríkì orílẹ̀ tiwa. Ọmọ Ìkòyí lè fẹ́ ọmọ Òpómúléró lọ́la, kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró. Níbẹ̀, inú játì ẹni lèèyàn ti ń fẹ́yàwó, sọ́fè ńlá kan tí wọ́n ń pè ní IHDS tí wọ́n ṣe ní 2011-12 rí i pé ìgbéyàwó tó kọjá játì ò ju bíi 5 pásẹ́ǹtì lọ, àmọ́ inú játì yẹn náà ìdílé tún wà tó ń jẹ́ gotra, láàárín ọ̀pọ̀ Híńdù ìhà àríwá ọmọ gotra kan náà ò sì gbọdọ̀ fẹ́ra wọn, ìyẹn ló jọ tiwa. Tẹ́ ẹ bá mọ játì ẹnì kan, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ apá ibi tí ilé ẹ̀ wà, bóyá ó nílẹ̀ àbí kò ní, àti kànga tí wọn ò jẹ́ kí bàbá bàbá ẹ̀ pọnmi níbẹ̀. Ní Uttar Pradesh àti Bihar wọ́n ń pe àdúgbò ní tola, tẹ́ ẹ bá gbọ́ "dakkhin tola", ìyẹn àdúgbò ìhà gúúsù, àwọn Dalit, ìyẹn àwọn játì ìsàlẹ̀ tí àwọn yòókù kì í fẹ́ fara kàn látijọ́, ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn. Ẹni tó bá ka iye orí láìka játì, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó àti àkókò ni àkọ́kọ́, torí akẹ́kọ̀ọ́ lọ̀pọ̀ nínú yín. Lẹ́yìn náà, ibo ló lè wọlé dé, ṣé ẹnu dísítíríìtì ló dúró sí ni, àbí ó dé abúlé, àbí ó wọ tola títí dé ojúlé. Ó ti pẹ́ tó báwo. Ṣé ó sọ játì àti ẹ̀sìn. Èyí tí mo kà sí jù ni pé, ta ló máa jẹ èrè tí nọ́ńbà bá ga tàbí tó bá wálẹ̀? Ẹ bi gbogbo ìwé tẹ́ ẹ bá rí ní ìbéèrè yẹn kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.

Sẹ́ńsọ́ọ̀sì 2011

Ibí ni kí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Láti 9 sí 28 oṣù kejì ọdún 2011 ni àwọn tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, bíi mílíọ̀nù 2.7, ń wọ ojúlé kan jáde nínú òmíràn, òru ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n ka àwọn tí ò nílé lórí, wọ́n sì tún padà yí ká láti 1 sí 5 oṣù kẹta lọ wo ẹni tó kú àti ẹni tí wọ́n bí. Gbogbo wọn jẹ́ bílíọ̀nù 1.21, bíi mílíọ̀nù 833 nínú wọn ló ń gbé abúlé, ìyẹn 68.8 pásẹ́ǹtì. Abúlé tó wà nínú ìwé lé ní 640,000, àmọ́ bíi 597,000 ló ní èèyàn nínú. Àwọn tó kù ńkọ́? Ilẹ̀ wà, orúkọ wà, ààlà wà, ẹ ò ní rí ẹnì kan. Be-chirag ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ ní ìhà àríwá, abúlé tí ò ní àtùpà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kan ọ̀kan, òdo òdo òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, mo rò pé fáìlì mi ti bàjẹ́ ni, mo tún un dáúnlóòdù lẹ́ẹ̀mẹta.

Fáìlì tẹ́ ẹ máa wá ni Primary Census Abstract, ó wà nínú District Census Handbook ti dísítíríìtì yín. Nọ́ńbà abúlé ni kẹ́ ẹ fi wá a, díjíìtì mẹ́fà ni, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ torí Rampur tó wà ní Íńdíà pọ̀ ju Òkè-Odò ilẹ̀ Yorùbá lọ. TOT_P ni gbogbo èèyàn, TOT_M ọkùnrin, TOT_F obìnrin, P_06 àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún méje, P_LIT àwọn tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. MAIN_CL ni àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ara wọn tàbí ilẹ̀ tí wọ́n gbà ṣe, MAIN_AL ni àwọn alágbàṣe. Ẹ gbé méjèèjì síra, òun ló máa kọ́kọ́ sọ irú abúlé tẹ́ ẹ wà fún yín. Tí alágbàṣe bá pọ̀ ju àgbẹ̀ lọ lọ́nà méjì lọ́nà mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ìdílé díẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé o, mo ti rí i nínú pírọ́jẹ́ẹ̀tì tó ju mẹ́wàá lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ fi TOT_P pín P_LIT kẹ́ ẹ ní iye pásẹ́ǹtì tó mọ̀wé nìyẹn. Sẹ́ńsọ́ọ̀sì Íńdíà ò ka ọmọ tí ò tíì pé ọdún méje sí ẹni tó lè mọ̀wé rárá, ẹ kọ́kọ́ yọ P_06 kúrò. Ká ní abúlé kan ní èèyàn 1,000, ọmọ kékeré 150, àwọn 595 mọ̀wé: 595 nínú 850 ni, 70 pásẹ́ǹtì. Ẹni tí ò yọ àwọn ọmọ kúrò á gba 59.5 kalẹ̀, á wá kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí bí abúlé náà ṣe wà lẹ́yìn.

P_SC àti P_ST ló tún lè ta yín lẹ́sẹ̀. SC ni àwọn játì tí òfin tò sínú ìwé, àwọn Dalit, 16.6 pásẹ́ǹtì ni wọ́n ní gbogbo Íńdíà. ST ni àwọn ẹ̀yà inú igbó àti orí òkè, Adivasi, 8.6 pásẹ́ǹtì. Àmọ́ òfin ló ń sọ ta ni SC, ìṣẹ̀dálẹ̀ nìkan kọ́. Látọdún 1950 ni òfin ti ní Híńdù nìkan ló lè jẹ́ SC, wọ́n fi Sikh kún un ní 1956, wọ́n fi Búdà kún un ní 1990, títí di báyìí Dalit tó bá di Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí ti kúrò nínú nọ́ńbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀ ò kúrò ní dakkhin tola. Ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ló tún yàtọ̀. Dhobi, àwọn alágbàfọ̀, SC ni wọ́n ní Uttar Pradesh, wọn kì í ṣe SC ní Maharashtra. Punjab ni SC ti pọ̀ jù, bíi 32 pásẹ́ǹtì, àmọ́ P_ST gbogbo abúlé Punjab òdo ni torí ìjọba ò kọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ yẹn, ẹ máà wá kọ ọ́ pé kò sí Adivasi kankan tó ń gbébẹ̀. Nagaland ló jẹ́ òdìkejì, kò ní SC.

Ohun tí ò sí níbẹ̀: játì àwọn yòókù. Yadav, Thakur, Brahmin, Kurmi, gbogbo wọn wà pọ̀ láìlórúkọ. Ọdún 1931 ni wọ́n ti ka játì gbogbo èèyàn kẹ́yìn, ayé òyìnbó. Ẹ̀sìn sì wà, àmọ́ tehsil, ìyẹn ìpín abẹ́ dísítíríìtì, ni ohun tí wọ́n gbé jáde dúró sí, kò wọ abúlé. Àwa ò tiẹ̀ yẹ ká bá wọn rojọ́, tiwa ti 2006 ò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rárá.

Ó sì ti gbó. Kòrónà dá ti 2021 dúró, ìsinsìnyí 1 oṣù kẹta ọdún 2027 ni wọ́n fi ìkà tuntun sí, játì gbogbo èèyàn sì máa wà nínú ẹ̀. Àwọn kan nínú ọmọ tí wọ́n kọ sí P_06 ní 2011 ti lè dìbò báyìí.

SECC, tó ṣèlérí játì tí ò mú un wá

Ọdún 2011 kan náà, ìjọba tún ṣe òmíràn tí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìgbèríko darí, orúkọ ẹ̀ gangan ni ìkà ètò ọrọ̀ ajé àti játì. Ti ìgbèríko jáde ní oṣù keje ọdún 2015. Ó dáa fún òṣì àti ọrọ̀: ó sọ irú ògiri, irú òrùlé, bóyá ilé ní fíríìjì, bóyá ẹnì kan ń gbowó oṣù. Nínú ìdílé ìgbèríko bíi mílíọ̀nù 180, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ àgbàṣe ni wọ́n fi ń jẹun, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin sì jẹ́ pé ẹni tówó ẹ̀ pọ̀ jù nínú ilé ò gba 5,000 rúpì lóṣù.

Ṣùgbọ́n játì tí wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọn ò gbé e jáde, àfi SC àti ST tá a ti mọ̀. Ìjọba sọ ní kóòtù tó ga jù ní 2021 pé játì 4,147 ni wọ́n kọ ní 1931, pé ti 2011 lé ní mílíọ̀nù 4.6. Mílíọ̀nù o! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn akọ̀wé kọ ohun tí wọ́n bá ṣáà gbọ́ sílẹ̀: ẹnì kan dárúkọ játì, èkejì dárúkọ gotra, ẹ̀kẹta dárúkọ ìdílé, ẹ̀kẹrin pe játì kan náà lọ́nà míì, gbogbo ẹ̀ wá di játì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fojú inú wo pé kí wọ́n bi gbogbo Yorùbá pé "ọmọ kí ni yín?" kí wọ́n sì fi àyè òfìfo sílẹ̀ fún wọn.

Ìṣòro kejì rèé: àwọn èèyàn mọ̀ pé ìwé yìí ni wọ́n máa fi yan ẹni tó máa rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ọ̀kadà lè wà lẹ́yìn ilé kó má dé inú fọ́ọ̀mù. Èmi máa ń gba ògiri àti òrùlé gbọ́ torí ojú ń rí i, owó oṣù ni mo máa ń rọra gbà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí Bihar ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ò ní. Ìpínlẹ̀ yẹn ka játì fúnra ẹ̀, ó gbé e jáde ní 2 oṣù kẹwàá ọdún 2023: nínú mílíọ̀nù 130, àwọn játì tí ìjọba kà sí èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá jẹ́ 36 pásẹ́ǹtì, àwọn tó kàn wà lẹ́yìn 27, SC bíi 20, Yadav nìkan 14. Gbogbo ìpínlẹ̀ lápapọ̀ ni nọ́ńbà yìí o, kì í ṣe ti abúlé yín.

Ìwé orúkọ olùdìbò

Ọ̀fẹ́ lòun náà, òun ló tuntun jù nínú àwọn tọ́wọ́ lè tẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ sí wẹ́bùsáìtì àjọ elétò ìdìbò Íńdíà, ẹ yan ìpínlẹ̀, dísítíríìtì, àgbègbè, ẹ kọ àwọn lẹ́tà wíwọ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ẹ̀rọ, PDF ibùdó ìdìbò abúlé yín á jáde. Ó máa ń pín sí tola, ìyẹn ni sẹ́ńsọ́ọ̀sì ò ṣe. Inú àpótí kékeré kọ̀ọ̀kan ni orúkọ wà, orúkọ bàbá tàbí ọkọ, nọ́ńbà ilé, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo. Èdè ìpínlẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, bí fọ́tò ló sì ṣe máa ń wà, ẹ ò lè kópì ẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ Híńdì jókòó tì í lálẹ́ méjì, òun ń kà, èmi ń tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, tíì ò dá lórí iná.

Ẹni tó ti pé ọdún 18 nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ò ní rí ọmọdé. Ní àríwá, ọmọbìnrin máa ń lọ́kọ sí abúlé míì, àmọ́ orúkọ ẹ̀ lè wà nílé bàbá ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọkùnrin tó ti wà ní Surat tàbí Mumbai látọjọ́ yìí wà níbẹ̀, òkú náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ìwé Bihar palẹ̀ ní 2025, nínú bíi mílíọ̀nù 79, mílíọ̀nù 6.5 ni ò sí nínú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, àwọn tí wọ́n ní ó ti kú, tó ti kó lọ, tàbí tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo pọ̀ lórí ẹ̀, wọ́n dá àwọn kan padà, ìwé tó kẹ́yìn jẹ́ mílíọ̀nù 74.2.

Ẹlòmíì á ní kò burú, òun máa fi orúkọ mọ játì. Ẹ ṣọ́ra. Singh lè jẹ́ Thakur, ó lè jẹ́ Sikh, ó lè jẹ́ Yadav, ó lè jẹ́ Jatav, ìyẹn Dalit. Kumar ò sọ nǹkan kan fún yín. Devi, bó ṣe jẹ́ pé obìnrin tó ti lọ́kọ ni lásán. Ẹ̀sìn lorúkọ lè fi hàn dáadáa, játì kọ́. Orúkọ èèyàn gidi sì ni gbogbo ẹ̀, iye ni kẹ́ ẹ mú jáde, ẹ má lẹ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀yìn pírọ́jẹ́ẹ̀tì.

Rẹ́jísítà anganwadi

Ká sọ òótọ́, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Angan ni àgbàlá, anganwadi sì ni ibùdó ìjọba tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kéékèèké lábúlé. Látọdún 1975 ni ètò yìí ti wà, wọ́n ní bíi mílíọ̀nù 1.4 ibùdó báyìí, obìnrin kan lábúlé tí wọ́n ń fún ní owó díẹ̀ ló ń bójú tó ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà, aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ní àdúgbò ẹ̀, láàárín èèyàn 400 sí 800. Didi ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí àwa ṣe ń sọ àǹtí. Ojúṣe ẹ̀ ni kó mọ gbogbo ilé.

Èyí tí mo bá pàdé ní ìwọ̀ oòrùn Uttar Pradesh gbé ìwé ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ pupa wé e bí ẹni wé Bíbélì. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tiẹ̀. Mo bi í pé ilé mélòó ló wà ní tola yìí, ó ní "ilé tàbí chulha?" Chulha ni ààrò tí wọ́n fi ń dáná. Ẹ wò ó, mo ti ka ìyẹn nínú ìwé tẹ́lẹ̀, pé ìdílé kan ni àwọn tó ń jẹun láti inú ìdáná kan, àmọ́ kò yé mi títí di ọjọ́ yẹn. Àgbàlá kan wà níbẹ̀ tí bàbá kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta tó ti gbéyàwó ń gbé, ẹnu ọ̀nà kan náà, mààlúù kan náà, àmọ́ àwọn ìyàwó méjì ti jà, ààrò ti di mẹ́ta. Nínú ìwé olùdìbò ilé kan ni. Nínú rẹ́jísítà didi, mẹ́ta. Ká ní ìkànìyàn ti dé kí wọ́n tó jà, ọ̀kan ni ì bá jẹ́.

Àwọn orúkọ kan wà tó fi bírò pupa kọ. Ó ní àwọn aboyún tó ti lọ bímọ sí mayka ni, ilé ìyá wọn. Wọ́n lè wà nínú rẹ́jísítà tibẹ̀ náà, á sì jẹ́ pé wọ́n ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Lára férémù ilẹ̀kùn ni mo ti rí àmì ṣọ́ọ̀kì tó ti ń parẹ́, P, X, ti àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, P túmọ̀ sí pé gbogbo ọmọ ilé yẹn ti gbà á, X pé ó ku ẹnì kan. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń fún ọmọ ní ti wa nílé, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ara ògiri, ó mọ̀ ọ́n.

Àbùkù ẹ̀ ò kéré. Oúnjẹ ń tẹ̀ lé orúkọ, torí náà orúkọ lè pọ̀ ju ọmọ lọ. Àwọn ọlọ́rọ̀ àti játì òkè kì í sábà rán ọmọ wọn lọ síbẹ̀, ojú ewé tiwọn lè gbẹ. Tí didi bá sì jẹ́ játì òkè, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dé dakkhin tola dáadáa. Kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa lọ, ẹ máa kí i, ẹ máa jókòó, ẹ máa mu tíì. Ẹ má ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò ojú ewé, kò tọ́, orúkọ ọmọ àti aboyún ló wà níbẹ̀, ẹ ní kó bá yín ka iye.

NFHS

Mi ò ní pẹ́ níbí. Sọ́fè ìlera ìdílé ni, ti ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún wáyé láàárín 2019 sí 2021, ìdílé 636,699 ni wọ́n dé. Ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan jẹ nínú bó bá ga tàbí bó bá wálẹ̀. Dísítíríìtì ló parí sí, ẹ ò lè fi sọ̀rọ̀ abúlé kan. Ohun kan ni mo fi mẹ́nu bà á: sẹ́ńsọ́ọ̀sì 2011 ní obìnrin 949 ló wà sí ọkùnrin 1,000 ní ìgbèríko, NFHS yìí ní 1,037. Ṣé obìnrin ṣàdédé pọ̀ ni? Rárá o. Ẹni tó sùn sílé mọ́jú ọjọ́ yẹn ni NFHS kà, inú ilé nìkan ló sì wọ̀, ọkùnrin tó wà ní ibi ìkọ́lé ní Mumbai tàbí ní bárékè sójà ò sí nínú ẹ̀. Ẹ má to méjèèjì jọ sórí táblì kan láìkọ àlàyé sí i, ọ̀gá yín á fi pupa fà á.

Abúlé tí ẹlòmíì ti kà sílẹ̀

Tí kì í bá ṣe dandan kó jẹ́ abúlé kan pàtó, ẹ lo iṣẹ́ àwọn tó ti gbé níbẹ̀. Palanpur ni mo máa ń júwe, abúlé kan ní dísítíríìtì Moradabad ní Uttar Pradesh, nítòsí Chandausi. Láti 1957-58 ni wọ́n ti ń kà á, wọ́n tún padà ní 1962-63, 1974-75, 1983-84, 1993, àti 2008 sí 2010, Christopher Bliss àti Nicholas Stern ló ṣe ti 1974-75, Jean Drèze wà lára àwọn tó gbé ibẹ̀ ní 1983-84. Èèyàn 528 ló wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó di 960 ní 1983-84, ó di 1,133 ní 1993. Játì ni wọ́n fi tò ó: Thakur tó jẹ gàba látijọ́, Murao tó jẹ́ àgbẹ̀ paraku, méjèèjì yìí tó nǹkan bí ìdajì abúlé, Gadaria darandaran, Jatab tí ò nílẹ̀ tó nǹkan, àtàwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ Teli àti Dhobi. Ẹ rántí Dhobi tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, pé SC ni ní Uttar Pradesh? Ti Palanpur Mùsùlùmí ni wọ́n, nítorí náà sẹ́ńsọ́ọ̀sì ò ní kà wọ́n sí SC. Ẹ rí i bí nǹkan ṣe rí, ẹni tó gbé abúlé nìkan ló lè sọ ìyẹn fún yín.

ICRISAT, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan, náà wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1975 ní àwọn abúlé bíi Aurepalle, Shirapur àti Kanzara. Ogójì ìdílé ní abúlé kan: mẹ́wàá tí ò nílẹ̀, mẹ́wàá tí tiwọn kéré, mẹ́wàá tó wà láàárín, mẹ́wàá tó nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ máa rí kọ́ níbẹ̀ bí omi, àmọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá yẹn ò túmọ̀ sí pé bí abúlé ṣe pín nìyẹn.

Kẹ́ ẹ kà á fúnra yín

Ó ń náni lówó, ó ń náni lásìkò, òun ló sì máa ń sọ òótọ́ jù tẹ́ ẹ bá ní sùúrù. Fíísà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ti ìwádìí yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi ilé ìwé yín kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Ẹ lọ kí pradhan, olórí tí wọ́n dìbò yàn, ní ìpínlẹ̀ míì sarpanch ló ń jẹ́. Ó lè jẹ́ obìnrin, torí látọdún 1993 ni òfin ti ya ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àga panchayat, ìgbìmọ̀ abúlé, sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin, àmọ́ ọkọ ẹ̀ ló lè jáde wá kí yín. Ẹ kí ọkọ, ẹ dúró de ìyàwó.

Má ṣe gba àga pradhan jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú o. Àṣìṣe tí èmi ṣe nìyẹn. Ọjọ́ méjì ni mo lò ní gbàgede ilé olórí kan, wọ́n ń gbé tíì fún mi, àwọn tó ń wá sọ̀rọ̀ fún mi játì kan náà ni gbogbo wọn, mi ò mọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé abúlé yìí ò ní ìṣòro omi. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rìn kọjá adágún, mo rí àwọn obìnrin tó tò síwájú pọ́ǹpù kan ṣoṣo. Dakkhin tola ni mo dé yẹn.

Ọ̀nà tó dáa ni kẹ́ ẹ ní kí àwọn ará tola kọ̀ọ̀kan fi ṣọ́ọ̀kì tàbí lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ya abúlé wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi òkúta ṣe ilé. Ẹ ṣe é ní tola tó yàtọ̀ síra, kẹ́ ẹ wá wo ilé tí ẹgbẹ́ kan yọ sílẹ̀ nínú tiwọn. Ẹ bi wọ́n ní birádárì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sọ̀rọ̀ ọmọ, òjò àti màálù, kì í ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́.

Tani kó mú èwo

Ẹni tó fẹ́ ìpínrọ̀ kan péré fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, sẹ́ńsọ́ọ̀sì 2011 tó o, kọ ọdún ẹ̀ sí i gàdàgbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ mọ́ òṣì, kó fi SECC kún un, kó gbára lé ilé ju owó lọ. Oníṣẹ́ ìlera àti ẹni tó ń kọ nípa ọmọ àti ìyá, ẹ lọ jókòó ti didi, kẹ́ ẹ fi NFHS dísítíríìtì ṣe òdiwọ̀n lẹ́yìn. Ẹni tó ń wá àwọn tó ti ṣí lọ sí ìlú ńlá, ìwé olùdìbò àti kíkà fúnra yín, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni iye àwọn tí ò sí nílé, tàbí ó sún mọ́ ọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yọ òkú àtàwọn ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ kúrò.

Ẹ̀yin tó wà nílé ní Nàìjíríà tẹ́ ẹ fẹ́ kọ nípa játì láìrìnrìn àjò, Palanpur ni kẹ́ ẹ mú, ẹ má wulẹ̀ máa fi orúkọ PDF méfò. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ dá lórí àwọn játì tí kì í ṣe SC tàbí ST, tó sì jẹ́ pé nọ́ńbà gbogbo ìpínlẹ̀ bíi ti Bihar ò tó fún un, ọ̀nà méjì ló kù fún yín: ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn tola sí tola, tàbí kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè títí nọ́ńbà 2027 á fi jáde.